Ẹrẹ̀ Ẹsẹ̀ Táńkì Kan

Iṣẹ́ pẹ́ńtà ọkọ̀ ni mo kọ́. Ìwé mi ò jìnnà. Kíláàsì kẹta ní girama ni mo dé kí n tó bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù ní Ìkòsí, tí mo ń fi sáńpépà họ ara ọkọ̀ títí ìka mi náà fi ń dán. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ mi níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin: ohun tó bá gbó, jẹ́ kó dà bíi tuntun. Ọkọ̀ tó ti forí gbá òpó iná, tí a bá tì í jáde lọ́dọ̀ wa, ẹ óò rò pé àná ló dé láti òkè òkun.

Torí náà, lọ́jọ́ tí bàbá kan gbé bọ́ńpà ọkọ̀ ẹ̀ wá, ó jókòó sórí táyà, ó ń wò mí bí mo ṣe ń po ọ̀dà títí tó fi bá ara ọkọ̀ náà mu. Ó wá ní, "Pẹ́ńtà, ṣé o lè jẹ́ kí nǹkan tuntun gbó?"

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. "Daddy, ta ló fẹ́ kí nǹkan ẹ̀ gbó?"

"Èmi ni. Wá sílé mi lọ́jọ́ Àìkú."

Sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Alápẹ̀rẹ̀ ló ń gbé, òun nìkan, ìyàwó ẹ̀ ti kú. Nínú pálọ̀ ẹ̀, ibi tí àwọn ẹlòmíì máa ń to àwo tánganran sí, táńkì ogun kéékèèké ló tò síbẹ̀. Kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Ọmọ ẹ̀ tó wà lókè òkun ló ń fi wọ́n ránṣẹ́ nínú páálí, ike ni gbogbo ẹ̀, wẹ́wẹ́ ni. Ìwọ lo máa gé e, wàá lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wàá kùn ún. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ò gùn ju búrẹ́dì kan lọ. Bàbá yìí ti wà nínú táńkì gidi rí nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ó mọ gbogbo ìdè ara ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ó ṣì lè lẹ ara táńkì pọ̀, àmọ́ ṣéènì ẹsẹ̀ ẹ̀, èyí tó fi ń rìn bíi ti katakata, oríkèé ẹ̀ pọ̀, ó sì kéré. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ò lè kùn ún. Iṣẹ́ tó tìtorí ẹ̀ pè mí nìyẹn.

Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, mo kùn ún dúdú, mo fi kílíà lé e lórí, ó ń dán bíi bàtà ọjọ́ ọdún. Bàbá gbé e súnmọ́ ojú.

"Pẹ́ńtà, ibo ni táńkì yìí ń lọ? Ṣọ́ọ̀ṣì?"

Lọ́jọ́ kejì, ó mú mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ gọ́tà lẹ́bàá títì. Katakata kan wà níbẹ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń fi ọ̀pá ìtilẹ̀ tọ́ka sí ṣéènì ẹsẹ̀ ẹ̀. Ẹni tó ń wà á yọ orí jáde.

"Bàbá, ẹ fẹ́ rà á ni?"

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan ni mo fẹ́. Ìwọ máa gbé ara lọ."

Ó wá sọ fún mi pé, "Wò ó dáadáa. Ibi tó ń kan ilẹ̀ ló ń dán. Ibi tí kì í kan ilẹ̀ ló ń dípẹtà. Ibi tí kò dán, tí kò dípẹtà, ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ ń sá sí."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ iṣẹ́ náà. Màá kùn ún ní àwọ̀ kọfí tó ti dúdú. Tó bá gbẹ, màá fi omi la ọ̀dà pupa títí tó fi máa ṣàn bí omi tíì, màá jẹ́ kó wọ inú kọ̀rọ̀ oríkèé ẹ̀, kó dà bí ìpẹtà. Màá fi orí pẹ́ńsù ra ibi tó yọ síta, torí èédú inú pẹ́ńsù máa ń dán bí irin tí ilẹ̀ ti họ. Ẹrẹ̀ ló máa ń kẹ́yìn: iyẹ̀pẹ̀ tí mo fi asẹ́ sẹ́, eérú díẹ̀, àti gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò. Ó lé ní ọdún kan tí mo fi ń lọ bẹ́ẹ̀, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ó máa ń rẹ̀ mí. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ń fa èéfín ọ̀dà símú ní ṣọ́ọ̀bù, èjìká mi á máa ro mí, ẹyinjú mi á pọ́n. Síbẹ̀ mo máa ń lọ. Tí mo bá ṣe é tán, tí Bàbá bá wò ó tí ò sọ nǹkan kan, mo mọ̀ pé ó dáa nìyẹn.

Ọ̀kan nínú àwọn táńkì náà wà lọ́tọ̀, nínú àpótí onígíláàsì, lókè pátápátá. Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo bá a tí ìbọn ẹ̀ ti kán. Bàbá ní ó bọ́ lọ́wọ́ òun nígbà tí òun fẹ́ nu eruku ara ẹ̀.

"Lẹ ìbọn ẹ̀ fún mi. Ìbọn ẹ̀ nìkan, Pẹ́ńtà."

"Mo ti gbọ́, Daddy."

Ó wọ yàrá lọ, ó fẹ́ kán oògùn sójú, kó sì fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Mo lẹ ìbọn náà. Kò gbà mí ní àkókò kankan. Mo wá wo ẹsẹ̀ ẹ̀. Ká sòótọ́, iṣẹ́ náà ò dáa. Ẹrẹ̀ kan ṣáá ló dì mọ́ ọn, ó ṣù jọ ṣìkìṣìkì, àwọ̀ kan náà látòkè délẹ̀. Kò sí ìpẹtà, kò sí dídán. Mo sọ nínú ọkàn mi pé ìgbà tí Bàbá ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe ló ṣe èyí. Mo ní màá ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ fún un, kó jí kó bá a.

Àwa pẹ́ńtà, a kì í kun orí ìdọ̀tí. Fífọ̀ ni àkọ́kọ́. Mo bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́, mo fi ọṣẹ sí i, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ra á ní oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ẹrẹ̀ náà rọ̀, ó ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo fara balẹ̀ ṣe é, mi ò fi nǹkan kan sílẹ̀. Mo da omi náà sí gọ́tà iwájú ilé. Mo fi aṣọ bo táńkì náà kó lè gbẹ.

Bàbá jáde, ó rí aṣọ.

"Gọ́ọ̀mù ẹ̀ ò tíì gbẹ, Daddy. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ ná."

Ó jókòó, ó ṣe bí ẹni pé ó ń wá ibi tó máa gbà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n rán wọn lọ sí ogun ilẹ̀ òkèèrè, àwọn mẹ́rin ló wà nínú táńkì kan. Ẹni tó ń wà á, ọ̀rẹ́ òun ni, ará Ọ̀yọ́, aláwàdà èèyàn. Ibi tó kú sí ni wọ́n sin ín sí, ní ẹ̀bá ọ̀nà, kò sí pósí. Kò sẹ́ni tó tún lè mọ ojú ibẹ̀ mọ́.

"Nígbà tí mo délé, mo bọ́ bàtà mi, ẹrẹ̀ ibẹ̀ ṣì wà nídìí ẹ̀. Mi ò lè dà á nù. Mo họ ọ́ sínú agolo mílíìkì. Lọ́jọ́ tí ọmọ mi fi táńkì àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi, mo fi sí i lẹ́sẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ni mo lò." Ó fi orí tọ́ka sí aṣọ náà. "Ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ mi yẹn ti wá mi kàn. Gbàgádà ló ń gbé, nọ́ọ̀sì ni. Kò rí sàréè bàbá ẹ̀ rí. Ó ń bọ̀ ní Sátidé. Mo fẹ́ kó gbé e lọ."

Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Omi tí mo dà nù ò tíì pẹ́ rárá. Mo ní, "Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn, Daddy." Mo jáde lọ wo gọ́tà. Omi dúdú ń ṣàn níbẹ̀, ọ̀rá píọ́ wọ́tà ń bá a lọ.

Mo gbé táńkì náà lọ sílé mi. Mo ní màá lọ fi gọ́ọ̀mù tó le ju tàkọ́kọ́ lọ lẹ ìbọn ẹ̀. Irọ́ kejì nìyẹn.

Ojú pẹ́ńtà kì í gbàgbé àwọ̀. Mo rántí àwọ̀ ẹrẹ̀ yẹn dáadáa: ó pọ́n díẹ̀, eérú wà nínú ẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ Ìkòsí ò jọ ọ́, epo ti jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ Wẹ́sídé mo lọ sí Mile 12, níbi tí àwọn tírélà tó kó tòmátì wá láti òkè Ọya ń já ẹrù. Ẹrẹ̀ ọ̀nà jíjìn máa ń gbẹ mọ́ abẹ́ wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí abẹ́ ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀bẹ àti ọ̀rá. Awakọ̀ ẹ̀, Mọ̀lá kan, bẹ̀rẹ̀ wò mí.

"Oga, wetin you dey find?"

"Sand, Mallam. Small sand."

"Lagos no get sand again?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó pe àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kí wọ́n wá wo ẹni tó ń jí iyẹ̀pẹ̀. "Carry am. Wash the remaining for me."

Mo ṣe é fún ọjọ́ méjì. Mo jẹ́ kó ṣù jọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mi ò fi ìpẹtà sí i, mi ò fi pẹ́ńsù ra á. Nínú gbogbo ẹsẹ̀ táńkì tí mo ti kùn, mi ò fi ọgbọ́n ṣe ọ̀kankan tó ìyẹn. Gbogbo ohun tí Bàbá kọ́ mi ni mo fi tàn án.

Ní Sátidé, mo gbé táńkì náà padà lọ fún Bàbá. Aunty náà, ọmọ ọ̀rẹ́ ẹ̀, dé. Wọ́n jókòó pẹ̀lú Bàbá, wọ́n gbé táńkì náà lé itan. Wọ́n na ìka kan, wọ́n fi kan ẹrẹ̀ náà, wọn ò tẹ̀ ẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. Wọn ò sunkún. Wọ́n tú gèlè orí wọn, wọ́n fi wé e. Bàbá ní èmi ni mo tún ìbọn ẹ̀ ṣe.

"Ẹ ṣé gan-an, bọ̀ọ̀dá," ni wọ́n wí. "Ọlọ́run á bá yín tún tiyín ṣe."

Mo ní àmín.

Mi ò lè sọ pé àárẹ̀ ló fà á. Ó rẹ̀ mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti ń rẹ̀ mí tipẹ́ tí mi ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ní ṣọ́ọ̀bù, mo kun ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì, kò bára mu. Ọ̀gá mi ní ṣé mo ń ṣàìsàn ni. Nígbà tó di Túsídè, mo lọ sí Alápẹ̀rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ sí pálọ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀.

Bàbá ò pariwo.

"Mo wò ó lọ́jọ́ yẹn. Ó ṣe mí bákan. Mo ní ojú mi ló tún ń yọ mí lẹ́nu." Ó na ọwọ́ mú fóònù ẹ̀. "Iṣẹ́ náà dáa, Pẹ́ńtà."

Ká ní ó gbá mi létí ni, kì bá ti dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ó tẹ nọ́ńbà kan, ó na fóònù sí mi. "Ìwọ lo máa sọ fún un."

Mo sọ fún Aunty. Mo gbọ́ ariwo ọsibítù lẹ́yìn wọn, ẹnì kan ń pe nọ́ọ̀sì. Wọ́n bi mí léèrè ohun kan ṣoṣo.

"Ẹrẹ̀ ibo ló wà lára ẹ̀ báyìí?"

"Ti abẹ́ tírélà ni, Aunty. Ní Mile 12."

"Mò ń bọ̀ ní Sátidé."

Ní Sátidé, gèlè yẹn náà ni wọ́n fi wé táńkì náà wá. Wọ́n gbé e kalẹ̀ níwájú mi. "Ẹ fọ̀ ọ́. Mo fi han màmá mi, wọ́n gbàdúrà lé e lórí. Mi ò fẹ́ ẹrẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ níbẹ̀ mọ́."

Mo bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo fi ọṣẹ sí i, mo mú búrọ́ọ̀ṣì. Àwọn méjèèjì ń wò mí. Mo ń fi abẹ́rẹ́ wá inú kọ̀rọ̀ oríkèé kọ̀ọ̀kan, bóyá ti àkọ́kọ́ ṣẹ́ kù díẹ̀. Kò ṣẹ́ kù. Mo ti fọ̀ ọ́ mọ́ jù lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún.

"Ṣé kí n kùn ún, Aunty? Dúdú lásán?"

"Rárá. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Wọ́n yíjú sí Bàbá. "Daddy, àwọ̀ wo ni ilẹ̀ ibẹ̀ ní?"

Bàbá ronú. "Ó pọ́n. Kò pọ́n tó ti Ọ̀yọ́. Bàbá ẹ máa ń sọ ọ́. Á ní ilẹ̀ ibí dà bí ọbẹ̀ tí wọn ò fi ata sí."

Aunty rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní, "Kí ló tún máa ń sọ?" Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ.

Mo gbé abọ́ jáde. Mo dúró létí gọ́tà. Mo mọ̀ pé ẹrẹ̀ tírélà lásán ni, síbẹ̀ ọwọ́ mi ò gbà kí n yí abọ́ náà dé. Oòrùn ń pa mí. Mò ń gbọ́ ohùn Bàbá láti pálọ̀, ó ń ṣe ohùn ẹlòmíì, ohùn aláwàdà kan tí mi ò mọ̀. Ó wá dánu dúró.

"Pẹ́ńtà. Da omi yẹn nù, kí o wọlé."

Mo dà á nù. Mo wọlé, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.