Ohùn ọkọ mi ti wọ inú àwo orin wa

Ẹ bá mi yọ̀! Ohùn ọkọ mi wà nínú àwo orin tuntun tí ẹgbẹ́ akọrin wa ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ọkọ mi ò mọ orin kọ rárá!

Sítúdíò kan ní àdúgbò Ganhi la wà láàárọ̀ yìí. Èmi ni mo ń dá orin kẹta. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí mo bá dá a, gbogbo ìjọ ló ń gbè é. Níbí, wọ́n tì mí mọ́ yàrá kékeré, kásìkì tí wọ́n fi ń gbọ́ orin létí, kò sẹ́ni tó ń gbè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbẹ bíi búrẹ́dì àná.

Tàntí tó ń darí wa ní, "Ìyàwó, bí ẹ̀ẹ̀kẹrin ò bá dáa, Lídíà ẹlẹgbẹ́ ẹ ló máa kọ ọ́ o."

Ọkọ mi, tí a ṣègbéyàwó lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tó wá mú mi relé, dìde.

"Tàntí, ẹ jẹ́ kí n wọlé tì í. Mi ò ní sọ̀rọ̀."

"Ó dá ẹ lójú? Èémí ẹ gan-an, gbé e mì o!"

Ọkọ mi wọlé, ó dúró níwájú mi, ó ń mirí, ó ń la ẹnu láìsóhùn bí ẹni tó ń gbè é. Ni orin bá dé! Bí mo ṣe kọ ìlà ìkẹyìn tán, ó gbàgbé pé a ò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó pariwo: "Àààmín!"

Tàntí ní kí wọ́n tún orin náà gbé sí i, ó gbọ́ ọ, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má yọ ọ́. Ta ló máa yọ Àmín ọkọ ìyàwó?"

Orin mi dúró! Ọkọ mi wá ń béèrè bóyá wọ́n máa kọ orúkọ òun sẹ́yìn àwo. Ẹ̀yin èèyàn mi, iṣẹ́ wo ni ká kọ síwájú orúkọ rẹ̀?