Àwọ̀ Tí Iná Gbé Mì

Bí ìgbà ooru bá ti dé, tí wọ́n bá ti ń pàgọ́ sórí pápá fún àjọ̀dún orin, oorun kì í kun Bàbá Aláwọ̀ mọ́. Òun ló ń ya ojú àjọ̀dún náà: àmì ẹyẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ táwọn òṣìṣẹ́ ń wọ̀, pátákó tó ń júwe ibi omi, àgọ́ ìtọ́jú àti ọ̀nà àbájáde. Àwọn tó wá gbọ́ orin ò mọ̀ ọ́n, kò sì dùn ún.

Lọ́dún yìí, ohun kan wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó rẹ̀ ṣaláìsí nígbà òjò tó kọjá. Gèlè kan wà tí obìnrin náà máa ń wé lọ sílé ìsìn, pupa tó tutù lójú, bí osùn. Bàbá Aláwọ̀ tẹ́ gèlè náà sórí tábìlì, ó po àwọ̀ títí ó fi bá a mu, ó sì fi kọ gbogbo lẹ́tà sórí aṣọ funfun tí wọ́n fi bo àwọn pátákó. Bí òun ò bá lè gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, kí òun ṣáà rí i káàkiri pápá fún ọjọ́ kan. Ó gbàdúrà lé e. Onígbàgbọ́ mọ̀ pé a kì í bá Ọlọ́run jiyàn, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ Rẹ̀ máa ń wúwo.

Lọ́sàn-án ọjọ́ àjọ̀dún, gbogbo rẹ̀ dára. Ó ń rìn láàárín pátákó rẹ̀ bí ẹni tó lọ kí ọ̀rẹ́. Alága àjọ̀dún, obìnrin kan tí ìdí rẹ̀ kì í kan àga, kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Tọdún yìí tún yàtọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ lọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Oòrùn wọ̀, ọkùnrin tó ń ṣètò iná orí ìtàgé, tí gbogbo wọn ń pè ní Onína, tan iná pupa bo pápá. Lójú ẹsẹ̀, lẹ́tà pòórá. Aṣọ funfun di pupa, lẹ́tà pupa sì rì sínú rẹ̀.

Alága sáré dé. "Bàbá, ṣé omi lẹ fi kọ ọ́ ni?"

Onína na ọrùn láti orí àtẹ̀gùn. "Ẹ má wò mí o, màmá. Olórin ló ní iná pupa lòun fẹ́ títí a ó fi palẹ̀. Bí mo bá yí i, èmi náà á di àwátì."

Bàbá Aláwọ̀ sún mọ́ pátákó tó wà nítòsí. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń yẹ iṣẹ́ wò. Á mú ọ̀rá súìtì pupa, á fi bojú bí ẹni tó wà lábẹ́ iná ìtàgé, á lọ dúró lópin àdúgbò, á wá pariwo wá pé, "Olówó orí mi, òkùnkùn lẹ kọ ránṣẹ́ sí mi o. Ẹ tún un kọ." Ó ti mọ́ wọn lára débi pé ọkọ ò kà á sí ara iṣẹ́. Lọ́dún yìí, kò sẹ́ni tó lọ dúró lókèèrè, òun náà ò sì rántí.

"Ẹ fi dúdú bò ó," Alága wí. "Ẹ jọ̀ọ́, kíá."

Ó mú ọ̀dà dúdú, ṣùgbọ́n kò bò ó. Ìlà tín-ín-rín ló fi yí etí lẹ́tà ká, kí pupa lè wà nínú. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn á rí i kà. Ibi tó ti ń ṣe é lọ́wọ́ ni obìnrin kan ti ń bọ̀, ó fi èjìká ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí òòyì ń kọ́. Ó wo pátákó àgọ́ ìtọ́jú lókèèrè, ó tún un wò, ó sì yà sí ibi tí kò yẹ, sáàárín èrò.

Bàbá Aláwọ̀ sáré tẹ̀ lé wọn, ó mú wọn dé ẹnu àgọ́. Nígbà tó padà, kò gbàdúrà. Ó ti ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ láti ìgbà òjò, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó sì ń kùn ún, láti lẹ́tà dé lẹ́tà, láti pátákó dé pátákó, títí pupa fi tán.

Onína gbé omi wá fún un níbi tó jókòó sí lórí àpótí.

"Bàbá, ọwọ́ yín ti di ọwọ́ ẹléèédú. Ìyá ilé á bá yín jà lónìí."

Látọjọ́ tí Bàbá Aláwọ̀ ti pàdánù ìyàwó rẹ̀, ohun tí onígbàgbọ́ ń sọ lòun náà ń sọ: ó ti lọ sinmi, ó wà níbi tó dáa jù. Ó gba gbogbo rẹ̀ gbọ́, lọ́pọ̀ ọjọ́. Ó wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ó ti kú," ló wí.

Onína fi omi náà lé e lọ́wọ́. "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá." Wọ́n pè é láti orí ìtàgé, ó sì lọ.

Ó wá ku Bàbá Aláwọ̀ nìkan. Èrò ń kọrin. Obìnrin kan tí kò mọ̀ rí gbójú sókè, ó ka pátákó, ó sì gba ọ̀nà omi lọ láìbi ẹnikẹ́ni.