Omi Tí Kò Dé Ẹ̀yìn Òkúta

Ohun abẹ̀mí inú òkun ni ọkọ mi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní yunifásítì. Nígbà tí kò sí òkun n'Ìbàdàn, ó gbé díẹ̀ wá sí pálọ̀ wa ní Bódìjà: àpótí gíláàsì ńlá kan, omi iyọ̀ tó fi gálọ́ọ̀nù gbé wá láti Èkó, òkúta mẹ́ta tí oríṣiríṣi ẹ̀dá lẹ̀ mọ́, àti ẹja wẹ́wẹ́ mẹ́rin. Ó wá rìnrìn-àjò iṣẹ́ lọ sí Gánà, ó fi wọ́n sílẹ̀ fún mi.

Ọjọ́ kẹta ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dá kan tó máa ń tanná bí òdòdó lára òkúta ká jọ, ó rọ. Àwọn ẹja ń yanu lójú omi. Bẹ́ẹ̀, mò ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi. Mo fi omi iyọ̀ tó ṣẹ́kù nínú gálọ́ọ̀nù pààrọ̀ omi díẹ̀, asán ni.

Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Etí òkun lẹ́bàá Lẹ́kì ni wọ́n dàgbà sí. Mo rò pé wọ́n máa bá mi wí, àmọ́ ńṣe ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wo inú gíláàsì.

“Ìyàwó mi, wo ẹ̀yìn òkúta yẹn. Ibẹ̀ ni gbogbo ìdọ̀tí kó jọ sí. Omi ò dé ibẹ̀.”

“Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, Mà.”

“Apá kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Omi òkun kì í dúró sójú kan. Á lọ, á tún bọ̀.”

Òótọ́ ni. Páìpù méjì ni atẹ́gùn ẹ̀rọ náà ń gbà ti omi jáde, igun kan náà ni ọkọ mi sì so méjèèjì mọ́. Mo tú ọ̀kan, mo gbé e lọ sí igun kejì. Màmá dì í mú, mo fi okùn so ó, a kọjú ẹnu páìpù méjèèjì síra. A sún àwọn òkúta kúrò lára gíláàsì kí omi lè ráyè kọjá lẹ́yìn wọn. Kíá, ìdọ̀tí ru sókè, ó ń yí po, mo fi asẹ́ gbọ́n ọn kúrò.

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, àwọn ẹja ti padà sísàlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò tíì fọ ẹnu tí mo fi gbọ́ ohùn Màmá.

“Wá wò ó, ó ti tanná!”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú gíláàsì. Mò ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi. Màmá jókòó tì mí, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi léjìká, àwa méjèèjì ń wo omi bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀.