Rédíò Kò Kéde Òkú Akéde Rẹ̀

Yàkúbù Fáṣínà kú ní Kétu ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí ìdìbò ku ọ̀la. Ó jẹ sàárì, ó kírun àárọ̀, ó ní kí ìyàwó òun bá òun gbé àga sí ẹnu ọ̀nà kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí òun. Kí obìnrin náà tó gbé àga dé, ó ti kú. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Mo gba dókítà gbọ́. N kò tíì rí dókítà tó ń kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ ìjọba sínú ìwé ẹ̀rí ikú.

Wọ́n sin ín kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn rẹ̀ ti wí. Rédíò Ohùn-Ìlú, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó fi ohùn rẹ̀ sìn fún ọdún méjìlá gbáko, kò sọ pé ó kú. Wọn kò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, wọn kò sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ kẹtàdínlógún tó ti kú rèé tí mo ń kọ èyí, wọn kò tíì sọ ọ́. Kì í ṣe pé wọn kò gbọ́ o. Ìyàwó rẹ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sọ fún wọn.

Bí ẹ kò bá mọ orúkọ rẹ̀, ẹ mọ ohùn rẹ̀. Òun ni ó ń ka ìròyìn Yorùbá ní ọ̀sọ̀ọ̀sán, láti aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí agogo kan yóò fi lù, òun náà ni ó sì ń ka ìkéde òkú lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń kà á. Á dárúkọ ìlú olóògbé lẹ́ẹ̀mejì, á wá dákẹ́ díẹ̀ kó tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Níbi ìsọmọlórúkọ kan tí a ti pàdé láyé ọjọ́sí, mo bi í pé kí ló ń dákẹ́ fún. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ọ̀gá oníwèé ìròyìn, tí wọ́n bá gbọ́ orúkọ ìlú wọn, wọ́n á máa sáré pe ara wọn wá sídìí rédíò. Ṣé kí n ti kà á tán kí wọ́n tó dé ni?"

Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn. Nígbà tí bàbá Ọ̀gbẹ́ni Ṣọládé, ọ̀gá ẹ̀ka ìròyìn níbẹ̀, kú ní ọdún 1975, ohùn Fáṣínà ni ó kó àwọn ẹbí jọ láti ìlú mẹ́fà. Ọ̀gbẹ́ni Ṣọládé fúnra rẹ̀ ló ń fi yangàn nígbà náà pé èrò tó wá pọ̀ ju oúnjẹ tí àwọn sè lọ. Ẹ má gbàgbé Ọ̀gbẹ́ni Ṣọládé yìí. Òun ni mo ń bá wí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀ràn ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí irọ́ tó wà nílẹ̀ ti pọ̀ ju òótọ́ lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 1979 yìí, ẹgbẹ́ òṣèlú méjì ṣe ìpàdé ìta gbangba lọ́jọ́ Sátidé kan náà. Alákàbà, tí àmì ẹgbẹ́ wọn jẹ́ àkàbà, ṣe tiwọn ní Ìkòsì; Oníkòkò, tí tiwọn jẹ́ ìkòkò, ṣe tiwọn ní Ogudu. Ẹ̀ka ìròyìn kọ ìlà mọ́kànlá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí òfin ni pé ẹgbẹ́ kan kò gbọdọ̀ fi ìlà kan ju èkejì lọ. Fáṣínà túmọ̀ méjèèjì láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Ṣọládé ní kí ó kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ tí kọmíṣọ́nnà kan sọ níbi tí wọ́n ti ń ṣí ẹ̀rọ omi, kí ó sì kà á tán porogodo. Ẹ̀rọ omi ẹyọ kan. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Nígbà tí Fáṣínà fi máa ka ti Alákàbà tán, àkókò ti lọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ Ogudu ni agogo rédíò bá dún: pìì, pìì, pìì. Bí agogo yẹn bá ti dún, òfin ilé-iṣẹ́ ni pé kí wọ́n pa ohùn ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ gómìnà.

Cecilia, ọmọbìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. "Uncle, èmi ni mo pa máìkì," ló wí. "Time signal ò kí ń dúró de ẹnikẹ́ni. Daddy Fáṣínà ṣì ń kà á lọ nínú yàrá onígíláàsì, wọn ò mọ̀ pé ohùn wọn ò jáde mọ́."

Ohun tí ẹ̀yin ará Kétu gbọ́ nìyẹn: Alákàbà ní kíkún, Oníkòkò ní orúkọ ìlú lásán. Kí ló tún kù? Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo yín ti mọ̀ pé wọ́n ti ra Fáṣínà. Ẹlòmíràn tilẹ̀ mọ àwọ̀ àpò ìwé tí wọ́n kó owó náà sí.

Lọ́jọ́ kejì, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìròyìn, Fáṣínà ní, "Ẹ forí jì wá. Àkókò kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ti Ogudu lánàá. Òun la ó fi bẹ̀rẹ̀ lónìí." Ó sì kà á. Gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ nìyí, bí ẹ bá tún gbọ́ òmíràn, ẹ wá sọ fún mi. Alákàbà kọ̀wé ẹ̀sùn pé Oníkòkò ti rà á. Ìwé tí Oníkòkò kọ pé Alákàbà ló rà á ṣì wà lórí tábìlì níbẹ̀. Ẹni tí ọ̀tá méjì ń fẹ̀sùn kàn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ pé ẹnì kejì ló rà á, ṣé ó ṣòro láti rí i pé kò sẹ́ni tó rà á? Ó ṣòro fún Ọ̀gbẹ́ni Ṣọládé. Ó ní ta ló rán an pé kó máa tọrọ àforíjì lórúkọ ilé-iṣẹ́ ìjọba. Ó ní kó lọ jókòó sílé títí ìdìbò yóò fi parí, kí aráyé má baà sọ pé rédíò ń ṣègbè.

Ẹni tó ka ẹ̀rọ omi fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lọ sílé. Ẹni tó ní kó kà á jókòó sí ọ́fíìsì. Òdodo tí a ń wí nìyẹn.

Kétu náà ò kẹ̀rẹ̀. Ṣàràfá onígbàjámọ̀, tó ti ń gé irun rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti kó dé àdúgbò, ní, "Daddy, ẹ má bínú. Tí àwọn boys bá rí yín lórí àga mi, wọ́n á ní Alákàbà lèmi náà." Àwọn ọmọdé ń pè é ní Alákàbà bó bá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Àwọn tó ń ra àlùbọ́sà lọ́wọ́ Modinat ìyàwó rẹ̀ yà sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Àlùbọ́sà! Mo fẹ́ kí ẹnìkan ṣàlàyé fún mi bí àlùbọ́sà ṣe ń wọ ẹgbẹ́ òṣèlú.

Èmi ńkọ́? Ẹ má rò pé ọwọ́ mi mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, lójú ewé yìí kan náà, mo kọ ọ́ pé ohùn kan wà ní Ohùn-Ìlú tó ti gun àkàbà. Ó dùn mọ́ mi nígbà tí mo kọ ọ́. Àwọn èèyàn bọ̀ mí lọ́wọ́ fún un. N kò bi Cecilia, n kò bi Fáṣínà, bẹ́ẹ̀ láti ilé mi ní Ogudu dé ilé rẹ̀ kò jìnnà. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni mo tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ojú tì mí, ó sì yẹ kó tì mí.

Wàyí o, Fáṣínà ní ìyá ní Ìgbòho. Ìyá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò mọ̀wé. Rédíò tí ọmọ rẹ̀ rà fún un wà lórí àpótí nínú yàrá rẹ̀, a sì máa bá a sọ̀rọ̀. Bí Fáṣínà bá ti ní "Ẹ káàsán o," ìyá á ní, "Káàsán, ọkọ mi. Ṣé o ti jẹun?" Nígbà tí wọ́n ní kí Fáṣínà lọ jókòó sílé, ó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé wọ́n rán òun lọ kọ́ṣì, láti lọ kọ́ iṣẹ́ sí i. Ojú ń tì í láti sọ pé wọ́n ti pa òun lẹ́nu mọ́. Oṣù mẹ́rin ni ìyá fi ń retí kí kọ́ṣì parí.

Nígbà tó kú, kò sí tẹlifóònù ní àgbolé wọn. Modinat kò sì dààmú, ó ní ilé-iṣẹ́ ọkọ òun á kéde rẹ̀, àwọn ará Ìgbòho á gbọ́, wọ́n á wá bá wọn ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Obìnrin tó yẹ kó jókòó nílé opó wọ aṣọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó gbààwẹ̀ lẹ́nu, òun àti àbúrò tirẹ̀, Ṣùkúrù, lọ sí Ohùn-Ìlú. Ó kọ orúkọ olóògbé, ó kọ ìlú rẹ̀, ó kọ ọjọ́ àdúrà. Akọ̀wé tó wà lójú fèrèsé wo ìwé náà, ó gbé e wọlé, ó pẹ́ kó tó jáde.

"Madam, wọ́n ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́la."

"Lọ́la kẹ̀? Àdúrà ku ọjọ́ mẹ́rin o."

"Orúkọ yìí ní òṣèlú nínú ni. Ọ̀gá ní tí a bá kà á, wọ́n á ní a ń ṣe party."

"Òkú ni mo mú wá, bọ̀ọ̀dá. Òkú ò ní party."

Ó lọ lọ́jọ́ Túsìdeè, ó lọ lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, Ọ̀gbẹ́ni Ṣọládé jáde sí i fúnra rẹ̀. "Ìyàwó wa," ó ní, "ẹ jẹ́ kí gbogbo nǹkan rọlẹ̀ ná. Ẹ̀yin náà mọ bí ìlú ṣe rí." Ó dá ìwé náà padà fún un. Ọmọ tí Fáṣínà bá kó ẹbí jọ láti ìlú mẹ́fà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú!

Ẹ sì gbọ́ èyí. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ìyá olóyè kan nínú Ẹgbẹ́ Alákàbà kú. Ohùn-Ìlú kéde rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Kí wọ́n má baà ṣègbè, wọ́n wá òkú Oníkòkò kan rí, àbúrò bàbá akápò wọn, wọ́n kéde òun náà lẹ́ẹ̀mẹta. Cecilia ní wọ́n ka ìlà méjèèjì, wọ́n dọ́gba. Ẹ ò rí i pé rédíò wa kì í ṣe ojúsàájú! Òkú Alákàbà gba tirẹ̀, òkú Oníkòkò gba tirẹ̀. Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan kò ní ẹni tí yóò kọ̀wé ẹ̀sùn fún un, nítorí náà òkú tirẹ̀ nìkan ni ó ní òṣèlú nínú.

Àwọn kan ti ń tu Modinat nínú pé igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó. Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ta ló mú àáké lọ́wọ́?

Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè yẹn ni Ṣùkúrù wọ ọkọ̀ lọ sí Ìgbòho. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ló wọlé, nígbà tí wọ́n ń ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ lọ́wọ́ ní Kétu láìsí ará ilé kan ṣoṣo níbẹ̀. Ó bá ìyá nídìí rédíò. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sọ ọ́.

"Ta ló sọ fún ọ?" ni ìyá bi í.

"Ìyá, ìṣojú mi ni wọ́n ṣe sin wọ́n."

"Irọ́ ni. Gbogbo ọmọ Ìgbòho tó kú sí Èkó, rédíò ló ń sọ ọ́ fún wa. Ọmọ mi kì í fi òkú ẹnikẹ́ni pamọ́. Bó bá ti kú ni, wọn ì bá ti sọ ọ́. Ṣé ibi iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ni?"

Àwọn tó wá kí ìyá kú ọ̀fọ̀, ó lé wọn jáde. Ó ní kí wọ́n má fi ẹnu wọn pa ọmọ òun, ọmọ òun wà ní kọ́ṣì. Wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì rédíò náà lẹ́ẹ̀mejì, torí kò jẹ́ kí wọ́n pa á.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣọládé, ìdìbò ti parí. Wọ́n ti ka ìbò tán, àwọn olóṣèlú ti ń bá ara wọn jẹun. Kí lẹ tún ń dúró dè? Àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso Ohùn-Ìlú, èwo nínú òfin yín ló ní kí ẹ bi òkú ní ẹgbẹ́ tó ń ṣe kí ẹ tó kéde rẹ̀? Ẹ pe Ọ̀gbẹ́ni Ṣọládé, kó wá fi ojúewé òfin náà hàn yín. Bí kò bá rí i, kí òun náà lọ jókòó sílé, kó mọ bó ṣe rí. Èmi ti kó ọ̀rọ̀ tí mo kọ ní oṣù kẹrin jẹ: irọ́ ni, Fáṣínà kò gun àkàbà kankan. Ṣàràfá àti àwọn tó yà kúrò nídìí àlùbọ́sà Modinat mọ ilé rẹ̀, kí wọ́n lọ tọrọ àforíjì.

Ṣùgbọ́n ti Ọ̀gbẹ́ni Ṣọládé kò ní parí sí ìwé kíkọ. Mo ní kí òun fúnra rẹ̀ jókòó sídìí máìkì, kó gba ìwé ọwọ́ Modinat, kó kà á pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀, kó sì sọ ẹni tó kọ̀ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ìyá kan wà ní Ìgbòho tí kò tíì sunkún ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ gba ẹkún náà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀gá. Ẹ dá a padà fún un.