Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi dẹ àbúrò mi

Bàbá wa máa ń sọ pé Faransé la ó fi jẹun ní Bouaké, ní ilẹ̀ Ivory Coast, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì la ó fi padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Nítorí náà, bí a bá ti ilé ẹ̀kọ́ ìjọba dé sí Sokoura, àdúgbò wa, ẹ̀gbọ́n Bàbá á tún kọ́ èmi àti àbúrò mi obìnrin ní Gẹ̀ẹ́sì. Èmi a máa tòògbé. Àbúrò mi ló ń gbọ́ ọ.

Ní ilé ẹ̀kọ́, Faransé nìkan ni òfin gbà. Ẹni tó bá sọ èdè mìíràn, wọn á so igi pẹlẹbẹ kan kọ́ ọ lọ́rùn, títí yóò fi mú ẹlòmíràn tó ṣẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ẹni tí igi bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí a bá ń lọ ilé ni wọn yóò nà.

Lọ́jọ́ kan, bọ́ọ̀lù bà mí nímú, mo sì fi Yorùbá ké. Wọ́n gbé igi kọ́ mi lọ́rùn. Àwọn ọmọ ń pè mí ní Anago, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo ń wá ẹni tí n ó gbé e fún, ṣùgbọ́n bí mo bá ti sún mọ́ wọn ni wọ́n ń dákẹ́. Àbúrò mi wà lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń jẹ ẹ̀pà. Mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, torí n kì í bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn pé ẹ̀pà ni, ó sì bu díẹ̀ fún mi.

Mo ké sí olùkọ́, ó sì bọ́ igi lọ́rùn mi, ó fi kọ́ ọ lọ́rùn. N kò sọ pé èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́.

“Ṣé ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lo rò pé o wà ni?” ni olùkọ́ bi í. Nígbà tí a fẹ́ lọ ilé, ó nà án lọ́wọ́ níwájú gbogbo wa. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni.

Nílé, Bàbá rí ọwọ́ rẹ̀ tó wú. “Ta ló fẹjọ́ rẹ sùn?”

“Ọmọ kíláàsì kan ni, Bàbá.”

Bàbá ní kó má lọ sílé ẹ̀kọ́ mọ́. Èmi ń bá tèmi lọ, torí Bàbá fẹ́ ẹni tí yóò máa ka ìwé ìjọba fún un. Àbúrò mi tẹ̀lé Ìyá lọ sọ́jà láti máa ta abọ́ tánganran.

Mo ti di akọ̀wé kí n tó lè sọ ọ́. Ilé ọkọ rẹ̀ ní Diabo, níbi tó ti ń ta abọ́, ni mo bá a.

“Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí. “Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ bá mi sọ̀rọ̀?”

“Kí ló dé tí o kò sọ fún Bàbá?”

“Wọn ì bá yọ ẹ̀yin náà kúrò nílé ẹ̀kọ́.”

Oníbàárà kan wọlé. Àbúrò mi dìde, ó fi Jùlá, èdè ọjà ibẹ̀, kí i, ó ń kó abọ́ sílẹ̀ fún un. Mo jókòó síbẹ̀, n kò lè gbójú sókè.