Kà Á Sí Mi Létí

Òórùn káńfọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n máa ń ki káńfọ̀ sáàárín àwọn ìwé àkọsílẹ̀ wọn nítorí aáyán, nínú àpótí pákó kan tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Kétu. Àwọn tó ń gbé àdúgbò náà lónìí á sọ fún yín pé igbó ni gbogbo ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé wà, ṣọ́ọ̀ṣì wà, mọ́ṣáláṣí wà. Oko ẹ̀gẹ́ ló kàn wà láàárín wọn.

Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ń kọ́ni ní yunifásítì. Ní òwúrọ̀ Sátidé, wọ́n máa ń kọ́ àwa tíṣà kéékèèké tí a ń múra ìdánwò, lọ́fẹ̀ẹ́, lórí bẹ́ǹṣì méjì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. A fẹ́ràn wọn débi pé a máa ń rìn bí wọ́n ṣe ń rìn. Ìyàwó wọn ti kú, ilẹ̀ ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì wa ni wọ́n sì sin ín sí, pẹ̀lú àyè lára òkúta ibojì náà fún orúkọ ọkọ. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ń lọ tu koríko ibẹ̀. “Àyè tèmi rèé,” ni wọ́n máa ń sọ, bí ẹni tó ń fi yàrá han àlejò.

Òfin kan wà ní kíláàsì wọn. Wọ́n á rán ọmọ Kírísítẹ́nì sí àgbà Mùsùlùmí, wọ́n á rán Mùsùlùmí sí àgbà ìjọ, láti béèrè ohun tó gbà gbọ́. Bí o bá ti kọ ọ́ tán, o gbọ́dọ̀ padà lọ kà á sí ẹni náà létí. Bí kò bá sọ pé, “Bẹ́ẹ̀ ni mo wí,” Ọ̀jọ̀gbọ́n á fi bírò pupa fagi lé gbogbo rẹ̀. Èmi tí mo ń ki bírò méjì sápò, tí mo ka ara mi sí ọmọ tó mọ̀wé jù, mo fo ìpele yẹn lẹ́ẹ̀kan.

“Ta ló ni ọ̀rọ̀ yìí?”

“Lèmọ́mù Ìkòsí ni, sà.”

“Ṣé ó ti gbọ́ ọ?”

“Òun ló sọ ọ́, sà.”

“Mo ní, ṣé ó ti gbọ́ ọ?”

Inú oòrùn ni mo rìn padà sí Ìkòsí. Lèmọ́mù bú sẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n rí mi. “Ọ̀gá yín ti dá ẹ padà? Ó yá, jókòó, máa kà á.” Ibi mẹ́ta ni mo ti parọ́ mọ́ wọn láìmọ̀.

Àwọn kan ní ìjọ wa ò fẹ́ràn irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń lọ jókòó sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á máa kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ ìjọ wá ń pè wọ́n ní “Ọ̀jọ̀gbọ́n Gbogbo-Ẹ̀sìn.” Ìjọ ló ni ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni, ẹnu alága yìí nìkan ló sì kù kí n tó di ọ̀gá ilé-ìwé. Lọ́jọ́ kan ó ní, “Tíṣà, ṣé lọ́dọ̀ ẹni tí ò mọ Ọlọ́run tó ń sìn ni o ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀gá?” Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò ní fi pamọ́ fún yín: mo rẹ́rìn-ín.

Ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń di bàìbàì nígbà náà. Wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ kan. “Mo ti kọ nǹkan kan nípa ara mi, mi ò sì lè kà á mọ́. Wá ní Sátidé, kí o kà á sí mi létí, kí n tó fọwọ́ sí i.” Mo ní mò ń bọ̀. Ní Sátidé náà, alága ní ká wá ṣán oko ilé-ìwé, ibẹ̀ ni mo lọ. Ní Sátidé kejì, mo ránṣẹ́ pé ibà ń ṣe mí. Kí ẹ̀kẹta tó pé, Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kú.

Ìgbìmọ̀ jókòó lórí bóyá wọ́n á gbà kí wọ́n sin Ọ̀jọ̀gbọ́n síbi tí ìyàwó wọn wà. Wọ́n pè mí wá jẹ́rìí.

“Ṣé o gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí pé ti Jésù lòun?”

“Mi ò gbọ́ ọ rí, sà.”

Òótọ́ ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n kì í sọ ìgbàgbọ́ ara wọn ní kíláàsì. Ǹ bá ti sọ ìdí rẹ̀. Ǹ bá ti sọ̀rọ̀ koríko tí wọ́n ń tu. Akọ̀wé kọ̀wé tán, ó gbójú sókè: “Tíṣà, ṣé kí n kà á sí ẹ létí?”

“Kò pọn dandan, sà. Mo fọkàn tán yín.” Mo fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, pósí wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí alága ṣí ìwé tí mo fọwọ́ sí, ó kà á sókè. “Ọmọ ẹ̀kọ́ olóògbé fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé olóògbé sọ fún òun pé òun kì í ṣe ti Kristi mọ́.”

Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọ̀jọ̀gbọ́n bí, obìnrin, nọ́ọ̀sì tó ṣe ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ orí, yíjú sí mi. “Ṣé ìwọ lo wí bẹ́ẹ̀?”

Mo ń wo bàtà mi. “Mo... mo fọwọ́ sí i, Aunty.”

“Mi ò bi ẹ́ nípa ọwọ́.”

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Wọ́n gbé pósí padà sílé. Iwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ sàréè sí, wọ́n ní láti gbé bẹ́ǹṣì wa kúrò kí ọkọ́ tó ráyè. Lèmọ́mù náà wá. Wọ́n dúró tì mí, wọ́n ní, “Àìmọye ìgbà ni mo pè é wá sínú ẹ̀sìn wa. Ó ní ti Jésù lòun. Kí ló dé tí ẹ ò wá bi mí?”

Nígbà tí àwọn èèyàn lọ tán, Aunty gbé ìwé kan jáde nínú àpótí. Káńfọ̀ ń rùn lára rẹ̀.

“Kà á sí mi létí.”

“Aunty, ẹ jọ̀ọ́...”

“Ohùn rẹ ni bàbá mi ń retí ní Sátidé méjì. Ó yá, kà á.”

Mo kà á níwájú erùpẹ̀ tútù. Ìlà rẹ̀ wọ́, bí ìkọ̀wé ẹni tí ojú ń dùn. “Láti kékeré ni mo ti gba Jésù gbọ́, mi ò sì fi í sílẹ̀ rí. Mi ò sọ ọ́ ní kíláàsì, kí ọmọ ẹnikẹ́ni má baà rò pé ó di dandan fún òun. Ẹ sin mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọmọ mi.” Àyè ìfọwọ́sí wà nísàlẹ̀, ó ṣófo.

“Ó tó,” ni Aunty wí. “Máa lọ.”

Aunty gbé ìwé náà tọ alága lọ. Alága ní bàbá wọn ò fọwọ́ sí i. Tèmi ni òun rí tó ní ọwọ́.

Mo di ọ̀gá ilé-ìwé lóṣù January. Wọ́n ta ilé Kétu nígbà tó yá, ẹni tó rà á sì da kọnkéré bo iwájú rẹ̀ kó lè ráyè gbé mọ́tò sí. Òkúta ibojì ìyàwó ṣì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú àyè tó ṣófo. Mo máa ń lọ tu koríko rẹ̀.

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ tíṣà, mo kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa ka ohun tí wọ́n bá kọ sí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ létí. Wọ́n yìn mí fún un lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní ìlànà mi ni, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Èmi tí mi ò jẹ́ kí àṣìṣe kan kọjá lórí pátákó, mi ò tún ìyẹn ṣe fún wọn.