Omi Kànga Nínú Ìkòkò Aró

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni orí fi ń fọ́ mi kí n tó lọ sí ìsìn àìsùn Àjíǹde yẹn, ní ọdún kejì tí ogun òyìnbó parí. Mo lo oògùn dìsípẹ́nsárì, mo mu àgbo, kò gbọ́. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó ń ṣe mí.

Aláró ni ìyá mi ní Ìtòkú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo fẹsẹ̀ gbá ìkòkò omi eérú tí wọ́n fi ń po aró, èyí tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti fi ọjọ́ púpọ̀ sẹ́ sílẹ̀. Ó dà nù dé ìdajì. Mo fa omi kànga, mo fi kún un. Mo ní omi ò ju omi lọ. Ṣùgbọ́n agbára omi eérú náà ti dín kù; ewé ẹ̀lú tí wọ́n kó sínú rẹ̀ kọ̀, kò hó. Aṣọ jáde bí èyí tí wọ́n fi nulẹ̀. Ìyá mi kọjú sí ìyàwó níwájú gbogbo aláró: “Ọwọ́ rẹ ni aró kọ̀! O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìkòkò mi mọ́.”

Mo wà níbẹ̀. N kò lanu.

Lálẹ́ àìsùn náà, àlùfáà ní kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ ẹlòmíràn tàbí tó ní i sínú lọ yanjú rẹ̀ kí a tó tan àbẹ́là. Mo dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dá mi dúró.

“Níbo? Ìhà obìnrin nìyẹn.”

“Mo fẹ́ rí ìyàwó wa ni, sà.”

“Ẹ ò ríra nílé ni? Jókòó, orin kù.”

Orin náà gùn bí ọ̀nà Papalanto. Bàbá arúgbó kan sùn lé mi léjìká. Mo tún dìde, wọ́n ní Bíbélì ni wọ́n ń kà. Inú ń bí mi. Nígbà tí wọ́n wá fún wa láyè, àwọn tí kò bára wọn jà rí ló dí ọ̀nà, wọ́n ń dì mọ́ra wọn.

Mo bá ìyàwó lẹ́bàá òpó. “Ìyàwó, èmi ni mo da omi eérú yẹn nù. Omi kànga ni mo fi dí i.”

“Mo mọ̀, Akọ̀wé. Ẹsẹ̀ yín hàn nínú eérú.”

“Kí ló dé tí o ò sọ?”

“Kí n sọ fún ta? Ta ni yóò gba ìyàwó ilé gbọ́? Èmi kọ́ lẹ ó wá bá. Ẹ lọ bá Ìyá.”

Ó dùn mí. Mo rò pé mo ti parí rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi láàárín bẹ́ǹṣì, mo rò ó. Ó pòṣé.

“Inú ṣọ́ọ̀ṣì lo ti rí i sọ, níbi tí n kò ti lè pariwo! Ibi tí mo ti bú ọmọ ọlọ́mọ ni ìwọ náà ó ti sọ ọ́. Dìde, o tẹ aṣọ mi.”

Wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n kọrin pé Jésù jí. Orí ṣì ń fọ́ mi. Mo bínú sí Ọlọ́run pàápàá: mo ti jẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ló tún kù?

Ní ọjọ́ Túsìdeè, mo dúró láàárín àwọn aláró, mo sọ ọ́. Ìyá àgbà kan ló kọ́kọ́ fọhùn: “Omi kànga kẹ̀! Ṣé ọbẹ̀ lo rò pé ó ki jù ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìyàwó kò rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn na aṣọ kan sí i. “Gbà, rì í.” Ìyàwó ti apá bọ aró títí dé ìgúnpá. Aṣọ náà jáde ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ó ń dúdú bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo dúró wò ó.

Orí mi fúyẹ́ lọ́jọ́ náà, n kò lè purọ́. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kí ìyàwó tó bá mi sọ ju “ẹ kú ilé” lọ.